Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Kí N Gba Kálímà Tuntun Nítorí Pé Mò Ń Wá Ẹ̀dá Alààyè ní Sánmà?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àláékúmù, Ààfáà wa. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Àjàṣẹ́. Lálẹ́, mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, níbi tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń gbé àwòrán ìgbì rédíò tí ẹ̀rọ wọn gbà láti ojú sánmà jáde, kí àwa tí a kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè bá wọn yà á sọ́tọ̀: èyí ti ara ẹ̀rọ ọmọ ènìyàn wá, èyí kò yé wa. Ẹ̀gbọ́n mi, tó kéwú jù mí lọ, ní ẹni tó bá gbà pé ẹ̀dá alààyè lè wà níbòmíràn ti sọ ohun tí Ọlọ́run kò sọ, pé ìwòràwọ̀ ni iṣẹ́ náà, kí n gba kálímà tuntun, kí n sì san gbogbo ìrun tí mo ti kí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, iṣẹ́ náà máa ń mú mi pẹ́ kí n tó sùn, Ṣúbúhì sì máa ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wà àláékúmù sàláám wà ràhmátúlláhì. Kí n ti ibi tó ń dà yín láàmú jù bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò jáde kúrò nínú Ìsìláàmù, nítorí náà ẹ kò ní kálímà tuntun kankan láti gbà. Ìrun tí ẹ ti fi àlùwàlá kí lásìkò rẹ̀ kò bàjẹ́ nítorí èyí, kò sì sí ohun tí ẹ fẹ́ san lórí rẹ̀. Pípe Mùsùlùmí ní kèfèrí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe ẹnu lásán, mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n yín, tí mo mọyì ìtara rẹ̀, kí ó tún un yẹ̀ wò.

Ẹ̀rí tí a sábà máa ń mú wá ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú Súrátù Dhāriyāt, ẹsẹ 56, pé Òun kò dá àlùjọ̀nnú àti ènìyàn bí kò ṣe kí wọ́n lè sin Òun. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi dá àwọn méjì yìí ni áyà náà sọ. Kò sọ pé àwọn méjì yìí nìkan ni a dá. A kò dárúkọ mọ̀làíkà níbẹ̀, a kò sì dárúkọ èèrà tó kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọ ogun Ànábì Sùlàímánà ń bọ̀, Ọlọ́run náà ló sì dá wọn. Nínú Súrátù Náhlì, ẹsẹ 8, lẹ́yìn tí Ó ti ka ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Ó ní Òun ń dá ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀.

Áyà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ẹsẹ 29 nínú Súrátù Ṣúrà, níbi tí Ọlọ́run ti ka dídá sánmà àti ilẹ̀ mọ́ àwọn àmì Rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí tí Ó fọ́n ká inú àwọn méjèèjì, tí Ó sì ní Òun lágbára láti kó wọn jọ nígbà tí Òun bá fẹ́. Àwọn onítumọ̀ kan ní àwọn mọ̀làíkà ni ti sánmà. Zamakhshari, tó kú ní ọdún 1144, kọ ọ́ sínú Al-Kashshāf, ìwé ìtumọ̀ Àlùkùránì rẹ̀, pé kò jìnnà kí Ọlọ́run dá ẹ̀dá sí sánmà tí yóò máa rìn níbẹ̀ bí ènìyàn ti ń rìn lórí ilẹ̀. A kì í gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àkídà, ìyẹn ohun tí a gbà gbọ́, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ Mùtàsílà ni, tí ìgbàgbọ́ wọn yàtọ̀ sí tiwa ní àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n àgbà ni nínú ìmọ̀ èdè Àlùkùránì, ohun tí ẹ̀yin sì gbà pé ó ṣeé ṣe kò ju ohun tí òun ti kọ sílẹ̀ lọ.

Ẹ má sì tìtorí èyí ré kọjá ààlà. Àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù kan ń pín ọ̀rọ̀ kan tí a gbà láti ẹnu Ibn Abbas, sàábà Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, lórí WhatsApp, pé ilẹ̀ méje ló wà, àti pé Ádámọ̀ bí Ádámọ̀ yín àti ànábì bí ànábì yín wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bayhaqi, onímọ̀ hádíìsì tó wà lára àwọn tó gbà á wá, ní àwọn tó sọ ọ́ kalẹ̀ ṣeé gbára lé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dá yà sí ti àwọn yòókù. A kì í gbé àkídà ka irú rẹ̀.

Ní ti ìwòràwọ̀, ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kọ̀ fún wa ni kí a máa wá kádàrá àti ohun ìkọ̀kọ̀ lọ́dọ̀ awòye. Hádíìsì tí Muslim, àgbà onímọ̀ hádíìsì, gbà wá sọ pé ẹni tó bá lọ bi awòye léèrè nǹkan, ìrun rẹ̀ kò ní jẹ́ gbígbà fún ogójì òru. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù ní ìlú wa níbí ni àwọn kan nínú àwa ààfáà, tí wọ́n ń tẹ yanrìn fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Gàbọ̀n tí kò padà, tí wọ́n ń fi orúkọ ìyá oníbàárà ṣírò ìràwọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tó ń wo ohun tí Ọlọ́run dá kò sí lára wọn. Àṣẹ ni Súrátù Yūnus, ẹsẹ 101, pa pé kí a wo ohun tó wà ní sánmà àti ilẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa ni bí a ṣe ń gba ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣáábánì, ọkùnrin kan lè sáré wọ mọ́ṣáláṣí pé òun rí oṣù ní apá ọ̀sà. Lèmọ́mù kò ní kéde ààwẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yóò bi í pé ibo ló wà sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí, ibo ni ìwo rẹ̀ kọjú sí, ta ló tún rí i. Ní ọ̀nà òfin ẹ̀sìn ti Màlíkì tí à ń tọ̀, ẹlẹ́rìí olódodo méjì là ń wá. Àwọn tó ń wá ẹ̀dá ní sánmà náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀: ní 1989 wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ pé ẹni tó bá rò pé òun ti gbọ́ nǹkan kò gbọdọ̀ kéde rẹ̀ kí àwọn mìíràn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Láti 1960, tí onímọ̀ ìràwọ̀ Frank Drake ti kọjú ẹ̀rọ rédíò sí ìràwọ̀ méjì ní Green Bank ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí ìró kan tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró. Ní 1967, Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, rí ìró kan tó ń bọ̀ déédéé bí ìlù, wọ́n tilẹ̀ fi ṣe àwàdà pé àwọn ọkùnrin kékeré aláwọ̀ ewé ló ń pè wá. Ìràwọ̀ kan tó ti jó tán, tó ń yí bìrí ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́sì 1977, ẹ̀rọ kan ní Ohio gba ìró tó lágbára fún ìṣẹ́jú àáyá 72. Wọ́n ti tún kọjú ẹ̀rọ sí apá sánmà tó ti wá léraléra, kò dún mọ́. Ní Parkes, ní Ọsirélíà, ìró àràmàǹdà kan da àwọn onímọ̀ láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó yé wọn ní 2015 pé ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fà á. Ì bá wù mí kí àwa tí à ń pín hádíìsì lórí fóònù ní ìdajì irú ìfarabalẹ̀ yìí, àwa tí a gbọ́ Súrátù Hujurāt, ẹsẹ 6, pé kí a wádìí ìròyìn.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi yín bóyá wọ́n wà, ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run lágbára láti dá wọn, àti pé a kò tíì rí wọn. Ẹni tó ní wọ́n wà dájúdájú àti ẹni tó ní kò sí wọn rárá ni Súrátù Ìsírà, ẹsẹ 36, jọ ń bá wí, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí a má tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fara hàn lọ́la, ẹrú Ọlọ́run ni wọn, gẹ́gẹ́ bí Súrátù Màríámù, ẹsẹ 93, ti wí nípa gbogbo ẹni tó wà ní sánmà àti ilẹ̀. A kò ní tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn, kìbúlà wa kò sì ní yí padà.

Ó wá ku Ṣúbúhì, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín wí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kórìíra kí a máa tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn Ìṣáì; àwọn onímọ̀ yọ ìwádìí ìmọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò sùn kọjá ìrun ọ̀ranyàn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà ní wákàtí tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó lè jí. Àwọn Ṣúbúhì tó ti bọ́, ẹ kà wọ́n. Bí iye rẹ̀ kò bá dá yín lójú, ẹ fojú bù ú títí yóò fi dá yín lójú pé kò lè jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa san án, ráká méjì méjì, ní àsìkò yòówù tí ẹ bá ráyè lọ́sàn-án tàbí lóru, láìfi falẹ̀. Wàlláhù àálàmù.