Ẹ má tíì náwó sí i o

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ NCE ní físíìsì l'Óǹdó, tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ ra ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá bá yín, láti máa fi bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà han akẹ́kọ̀ọ́: ẹ má rà á. PhET, àkójọ àfarawé ìdánwò sáyẹ́ǹsì lórí kọ̀ǹpútà, ti Yunifásítì Colorado ní Boulder ní Amẹ́ríkà, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Carl Wieman tó gba Nobel físíìsì ní 2001 ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ẹ wa èyí tó jẹ́ HTML5 (irú èyí tí Chrome lè ṣí) sórí fílááṣì, kò jẹ dátà mọ́.

Pirojẹ́tọ̀ tí ẹ máa fi gbé e sójú ògiri fún kíláàsì, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n kó o dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tì í mọ́ sítọ́ọ̀. Kí n tó lò ó, mo máa kọ lẹ́tà sí HOD, HOD á buwọ́ lù ú, á tún gba ọ́fíìsì mìíràn. Kó tó padà dé, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti wà l'Ọ́jà Ọba.

Ọjọ́ tí mo rí i gbà, bátìrì inú PhET ti tan gílóòbù lójú ògiri, àwọn ọmọ ń pariwo, "Sà, ẹ fi bátìrì kan kún un!" Iná lọ. Pirojẹ́tọ̀ onígílóòbù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá! Tí ẹ bá pa á bó ṣe yẹ, fáànù rẹ̀ á ṣì máa yí kí gílóòbù inú rẹ̀ lè tutù. Bí iná bá já lójijì, fáànù dúró, ooru á há sínú. Bó ṣe ń ṣe é léraléra nìyẹn títí gílóòbù fi jó, ni wọ́n bá ní àfi kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi. Ọ̀gbẹ́ni onímọ̀ tó ti Èkó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ kò sì dárúkọ UPS, bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, lẹ́ẹ̀kan. Wi-Fi ló ń sọ. Wi-Fi wo?

Nítorí náà, UPS kọ́kọ́. Ẹ wò ó bóyá HDMI ni ihò tí láptọ́ọ̀pù yín fi ń so mọ́ pirojẹ́tọ̀ tàbí VGA. Aṣọ fèrèsé tó dúdú náà.

Àti pé ẹ má torí ẹ̀ ti láàbù pa o. Nínú PhET, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tíńtìntín tó ń gbé iná nínú wáyà, rí bí ọmọ ayò aláwọ̀ búlúù; ọmọ tí kò fọwọ́ kan wáyà rí á gbà pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kí ẹ tó tan súìṣì, ẹ ní kí oníkálukú kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Bí wọn kò bá fún yín ní pirojẹ́tọ̀, ẹ fi Xender, áàpù tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù, pín fáìlì náà fún àwọn ọmọ. Chrome orí Android ń ṣí i.