Ṣé ìwà mi ni kò jẹ́ kí n bọ́ lọ́wọ́ sìgá?

Télọ̀ kan ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, ló kọ̀wé sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi sìgá sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún padà sídìí rẹ̀. Ìgbà tí Iléyá bá kù díẹ̀ ló máa ń gbìyànjú, kí owó àgbò lè pé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáwọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Télọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní àti kékeré ni àyà òun ti máa ń já, pé bí aṣọ Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bá ti kún ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ òun á máa gbọ̀n títí òun á fi mu sìgá.

Àbúrò mi, o kú ìjàkadì. Ìwà àdámọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìwà ẹ̀dá ti rí i pé ọlọ́yàyà tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ló sábà máa ń tètè fi sìgá kan ẹnu, àmọ́ ẹni tó máa ń ṣàníyàn ló máa ń tètè padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáwọ́. Ẹrù tìrẹ wúwo ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, jọ̀wọ́ ka ibí yìí fún Màmá.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló ká mi lára jù. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ni níkótìnì, èròjà inú sìgá tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè tètè jáwọ́, ń dé ọpọlọ. Tó bá fi máa tó wákàtí 2, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òmíràn: inú á máa ru, ọkàn kò ní balẹ̀. O mu òmíràn, ara rọ̀ ọ́, o wá gbà pé sìgá ló ń tù ọ́ nínú. Sìgá yẹn náà ló dá ebi ọ̀hún sílẹ̀! Àkójọ ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2014 fi hàn pé àníyàn àwọn tó jáwọ́ dín kù ju ti àwọn tí kò jáwọ́.

Àsìkò tí o máa ń yàn ni kò dáa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló le jù, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ara tó balẹ̀. Má fi í sí àárín iṣẹ́ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tó ń dá aṣọ fún Ojúde Ọba. Bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba, tí ṣọ́ọ̀bù bá ti dákẹ́. O ní o máa ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì láìmu sìgá títí di ìṣínu. O ti mọ bí wọ́n ṣe ń fara dà á nìyẹn. Tó bá ń wù ọ́, dìde lórí máṣíìnì, bu omi mu, fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò lọ. Bi dókítà léèrè nípa ṣíngọ́ọ̀mù níkótìnì, èyí tí wọ́n máa ń jẹ dípò sìgá kí ara lè rọ̀.

Má sì rán ọmọ kọ́ṣẹ́ rẹ ní sìgá mọ́. Òfin tábà ti Nàìjíríà ọdún 2015 kò gbà kí wọ́n tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Lọ́jọ́ kẹta tí o bá jáwọ́, kọ̀wé sí mi, kódà bí inú bá ń bí ọ.