Èsì: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wá sí ilé ọmọ òrukàn ní Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá kí ilé ọmọ òrukàn yín ní Kétu gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Faransé tó fẹ́ wá tọ́jú ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n sídìí ọmọ. Mo mọ̀ pé inú rere ló ń gbé wọn bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tí ọkàn rẹ̀ ti fà mọ́ ẹnì kan, tí onítọ̀hún lọ, tí òmíràn tún dé, tí òun náà tún lọ, ta ni kó gbára lé? Ní oṣù Kejìlá 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá ní kí àwọn ìjọba dènà ewu tó wà nínú irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀, torí ó lè di òwò ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ló ní ìyá tàbí bàbá láyé. Àìlówó ló gbé wọn débẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi lára owó ọkọ̀ òfúrufú ran àwọn ìyá àti àwọn alágbàtọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ wá, kí wọ́n bá yín tún òrùlé ṣe. Ẹ tètè kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.