Ta ni yóò máa tọ́jú pápá ìṣeré lẹ́yìn ìdíje?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín. Bí ìlú kan bá fẹ́ gbàlejò ìdíje Òlíḿpíìkì tàbí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn ìwé ìròyìn a máa kọ ọ́ pé iṣẹ́ yóò pọ̀, ìlú náà yóò sì gòkè àgbà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn kan náà ni yóò gbé àwòrán pápá ìṣeré tí igbó ti gbà jáde. Èwo ni ká gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kò sí èyí tó tó fi ṣèdájọ́ nínú wọn. Ohun tí ìlú bá ti ń gbèrò kí àlejò tó dé ni ìdíje máa ń bá a mú yá. Barcelona ti fẹ́ tún etíkun rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ àti ojú irin ti dí mọ́ aráàlú, ṣe kí Òlíḿpíìkì ọdún 1992 tó dé. Ìdíje náà ló jẹ́ kí owó jáde tí iṣẹ́ sì ní gbèdéke, àwọn ará ìlú sì ń gbafẹ́ níbẹ̀ dòní. Ní ti Montreal ní Kánádà, olórí ìlú náà, Jean Drapeau, ti sọ ṣáájú ìdíje ọdún 1976 pé bí ọkùnrin kò ṣe lè bímọ ni Òlíḿpíìkì kò ṣe lè fa àdánù owó. Ọdún 2006 ni wọ́n tó san gbèsè pápá ìṣeré náà tán.

Ẹ jẹ́ ká wo Manaus dáadáa, ìlú tó wà láàárín igbó Amazon ní Bràsíìlì. Wọ́n kọ́ pápá tó ń gba èèyàn tó lé ní 40,000 síbẹ̀ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n sì gbá níbẹ̀ nínú ìdíje náà. Ìlú náà kò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan nínú líìgì tó ga jù ní Bràsíìlì, tí èrò ìbá máa wá wò lóòrèkóòrè. Èyí ti hàn kedere kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ìgbà náà gan-an ló sì yẹ kí àwọn oníròyìn béèrè ẹni tí yóò máa san owó iná àti owó àwọn tó ń gé koríko. Àwòrán pápá tó ṣófo kò lè ṣe aráàlú láǹfààní mọ́ nígbà tí owó ti lọ.

Àwòrán a sì máa fi ohun púpọ̀ pamọ́. Ilé tí àwọn eléré ìdárayá gbé ní London lọ́dún 2012 ti di ilé tí àwọn ìdílé ń gbé, ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn ń gbé kì í sábà wọ ojú ìwé àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún ka irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ẹ wá orúkọ ẹni tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ pápá náà àti ibi tí owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò ti wá. Bí ẹ kò bá rí i kà, ẹ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n rán akọ̀ròyìn wọn padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún.