Ọjọ́ tó bá padà wálé ni kí ẹ bẹ̀rù

Àǹtí, ẹ kú ìnira ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ẹ ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà nílé àdúrà ní Ifẹ̀, kò fẹnu kan tramadol, oògùn ìrora tó ti di bárakú fún un, ara rẹ̀ ti ń dán, ẹ sì fẹ́ mú un wálé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó ti bọ́ nínú ewu. Rárá o. Ìgbà yìí gan-an ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọdún mẹ́rin lèmi náà fi lò ó ní Iléṣà níbí, nígbà tí mò ń ru pákó. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹnì kan fún mi ní hóró kan, mo ru pákó títí ilẹ̀ fi ṣú bí ẹni tí kò lẹ́yìn rárá. Nígbà tó yá, hóró kan ò ràn mí mọ́, mo bọ́ sórí hóró tó jẹ́ mílígíráàmù 225. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn, ò fàyè gba ju 100 lọ nínú hóró kan, àmọ́ ta ló ń béèrè ìyẹn ní gáréèjì?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tá a jọ ń lò ó. Wọ́n gbé e lọ sí abúlé, wọ́n tì í mọ́lé fún oṣù kan. Ó yàgbẹ́, ó bì, ó làágùn, ara rẹ̀ rí bí ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó là á já. Ọjọ́ Ẹtì ló padà dé. Lálẹ́ Sátidé, ó lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó fi paraga tẹ̀ ẹ́. A jókòó tì í, ó ń hanrun. Ìhanrun yẹn á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. À ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fọn fèrè. Ìgbà tí mo tan iná fóònù sí i lójú, ètè rẹ̀ ti dúdú, èékánná rẹ̀ náà. Ẹnì kan ní ká wá mílíìkì, ẹnì kan ń da omi lé e lórí. Ká tó rí ọkọ̀, ó ti tán.

Dókítà ló wá là á yé mi: alábàárù tó ń ru àpò méjì, tó bá sinmi fún oṣù kan, ọrùn rẹ̀ ò ní gba àpò méjì yẹn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ò ní gba iye oògùn tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Èémí sì ni oògùn yìí máa ń pa lójú oorun.

Tí ẹ bá bá àbúrò yín bẹ́ẹ̀, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tó lò. Abẹ́rẹ́ kan wà, naloxone, tó ń jí wọn. Agbára abẹ́rẹ́ náà lè ṣá láàárín wákàtí kan, nítorí náà ẹ má gbé àbúrò yín kúrò níbẹ̀ torí pé ó lajú.

Àdúrà ò burú. Ìyá mi gbà á fún mi. Àmọ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Wẹ́sílì ní Iléṣà tàbí ilé ìwòsàn OAU ní Ifẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bá mi dín in kù. Mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo padà lọ, wọn ò lé mi. Àwọn náà lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn mí.

Kó tó dọjọ́ Àìkú, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.