Èsì: Ọmọ yín kì í ṣe ọ̀dájú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún mẹ́fà, sọ pé ẹni tó ṣèèṣì fọ́ abọ́ mẹ́rin burú ju ẹni tó jí ẹran lọ, ẹ sì ń bèèrè bóyá ọ̀dájú ni, bóyá kí ẹ fi pàṣán tọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀dájú. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni.

Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland tó ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń ronú, ti bi àwọn ọmọdé ní irú ìbéèrè yìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1932: àwọn kékeré ń wo bí ohun tó bàjẹ́ ṣe pọ̀ tó, àwọn tó dàgbà díẹ̀ ń wo ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Ó ní eré pẹ̀lú ẹgbẹ́ wà lára ohun tó ń là wọ́n lójú. Pàṣán? Ìbẹ̀rù nìyẹn ń kọ́ni, lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ kó máa bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ta ayò, kí wọ́n jiyàn lórí òfin ẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn parí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹlòmíì léṣe, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ tètè bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.