Ṣé òkú ni “Akú”? Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Sàró, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay

Arábìnrin kan bèèrè ọ̀rọ̀ kan tó jọ pé ó dùn ún wọra. Ó kà á níbì kan pé àwọn ìran Yorùbá tó wà ní Freetown, ní Sàró (ìyẹn Sierra Leone), ń jẹ́ “Akú” tàbí “Oku”, àti pé òkú ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó kó wọn lẹ́rú ti kà wọ́n mọ́ òkú. Ó ní òun sunkún nígbà tí òun kà á. Ó wá ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ fún òun bóyá òótọ́ ni, kí ó sì ṣàlàyé ohun tó so orúkọ náà mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, tí a kò lè sọ ìtàn àwọn àlùfáà àkọ́kọ́ wa ká má dárúkọ rẹ̀.

Ẹ kú ìbéèrè o, arábìnrin wa. Ẹ nu omijé yín nù, kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìkíni ló wà níbẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń kí ara wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ti àjò dé, ẹ kú àbọ̀. Ẹni tó bá nílé, ẹ kú ilé. Òjò rọ̀, ẹ kú òjò. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún yí po, a kú ọdún. Kò sí ipò tí ọmọ aráyé lè wà tí Yorùbá kò ní rí “kú” tí yóò fi kí i. Bí àlejò tí kò gbọ́ èdè wa bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, “kú” yìí ni yóò kọ́kọ́ di mímọ̀ sí i létí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Freetown gan-an nìyẹn. Àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé ń gbọ́ “ẹ kú”, “a kú”, “o kú” lẹ́nu àwọn èèyàn wa láìdábọ̀, wọ́n bá ń pè wọ́n ní àwọn Akú.

“Kú” ti ìkíni àti “kú” ti ikú dọ́gba létí lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. A ń kọ́ ilé, a sì ń kọ́ èdè. Kò sẹ́ni tó máa rò pé bíríkìlà ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohùn tilẹ̀ ti là á fún wa: “òkú” jẹ́ dò-mí, “Akú” jẹ́ re-mí. Ní ti “Oku” tí àwọn kan ń pe ara wọn títí di òní, èrò tèmi ni pé láti inú “o kú” ló ti wá, èyí tí a fi ń kí ẹgbẹ́ ẹni àti àbúrò ẹni. Ẹ sì gbọ́ èyí: bí ẹ bá dé Freetown lónìí, “Kushɛ” ni wọn yóò fi kí yín ní Krio, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ló gbà pé “ẹ kú iṣẹ́” tiwa ni.

Kí ló wá dé tí wọn kò pè wọ́n ní Yorùbá? Ìdí ni pé wọn kì í pe ara wọn bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Láti 1808 ni Sàró ti di ilẹ̀ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń já àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sí. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí ogun gba ilẹ̀ kan, àwọn èèyàn wa ya débẹ̀ bí omi. Ẹ̀gbá ni Ẹ̀gbá pe ara rẹ̀, Ìjẹ̀ṣà pe ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́ nìkan ló ń jẹ́ Yorùbá. Èdè wọn jọra, ìkíni wọn dọ́gba, wọn kò sì ní orúkọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí kò bá ní orúkọ, aládùúgbò ni yóò sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe di Nàgó ní Bùràsíìlì àti Lùkùmí ní Kúbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ni Àjàyí, ọmọ Òṣoogùn. Wọ́n kó o nílé ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Oṣù Igbe 1822 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown nínú oṣù Òkúdù ọdún náà. Ní 1825 ni wọ́n rì í bọmi tí ó di Samuel Crowther.

Ibí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wọlé. Àwọn C.M.S. (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ oníwàásù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan lórí òkè Leicester, ṣùgbọ́n kò lọ déédéé. Ibà ń pa àwọn òyìnbó oníwàásù bí ẹní ń pa eṣinṣin. Ìwọ̀nba ló ń lo ọdún méjì kí wọ́n tó sin ín. Wọ́n rí i pé bí ìhìn rere yóò bá wọ inú ilẹ̀ lọ, àfi kí ọmọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé e. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé 1827, wọ́n tún ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Charles Haensel, ará Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò pé mẹ́wàá, Àjàyí sì wà lára wọn, orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú nínú ìwé. Ní 1828 ni wọ́n ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá omi ní Fourah Bay, ibẹ̀ ló sì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní.

Mo fẹ́ kí ẹ ní sùúrù fún mi lórí ilé náà, nítorí kò sí ìgbà tí mo rántí rẹ̀ tí kì í gbà mí lọ́kàn. Ní oṣù Èrèlé 1845 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀. Gómìnà tó fi í lélẹ̀ ni William Fergusson, ọmọ Jàmáíkà, aláwọ̀ dúdú. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà ni Edward Jones, aláwọ̀ dúdú láti South Carolina ní Amẹ́ríkà, nígbà tí oko ẹrú ṣì wà ní ìlú tó ti wá. Ìtàn C.M.S. sọ pé orí ilẹ̀ tí ilé àwọn oníṣòwò ẹrú wà ní bí ogójì ọdún ṣáájú ni wọ́n kọ́ ọ sí, àti pé òpó ìgbòkun àwọn ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n gbà ni wọ́n là tí wọ́n fi ṣe igi òrùlé rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí wọ́n fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé kúrò nílé wá jókòó sábẹ́ òpó ọkọ̀, ó ń ka Gíríìkì.

Inú ayé kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí náà ni orúkọ wa ti yí padà. Láàárín 1830 sí 1832 ni John Raban, òjíṣẹ́ C.M.S. ní Sàró, tẹ àwọn ìwé kékeré jáde lórí èdè wa. “Eyo tàbí Aku” ló pe èdè náà. Eyo yẹn, Ọ̀yọ́ ni. Nígbà tí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní 1843, “Yorùbá” ló kọ sí i lára. Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, orúkọ ilé rẹ̀ ló fi pè é, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Àwọn C.M.S. gbá orúkọ náà mú, wọ́n nà án dé orí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, gbogbo wa.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fara mọ́ ọn. Sigismund Koelle, ará Jámánì tó dé Fourah Bay ní 1847 láti kọ́ni, gbé ìwé ńlá jáde ní 1854, nínú èyí tó ti kó ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà tó lé ní 150 jọ láti ẹnu àwọn tó wà ní Freetown. Ọ̀wọ́ kan nínú rẹ̀ ló pè ní Aku, ó sì to Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjùmú, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìtsẹkírì sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú “Yorùbá”, ìyẹn Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan láàárín wọn. Ó ní àṣìṣe ni kí àwọn oníwàásù máa fi orúkọ ẹyọ kan pe gbogbo wọn, pé “Aku” kò pé, síbẹ̀ ó sàn jù ú lọ. Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́ inú mi, àríyànjiyàn Koelle mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n èdè tí a fi tẹ Bíbélì ló borí, “Yorùbá” ló sì wà nínú ìwé Crowther.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Sẹ́rẹ́ 1844, Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè abínibí òun ni, ńṣe ló dà bíi pé òun jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbàdúrà parí, ohun tí ìjọ fi dáhùn ni “Kí ó ṣẹ!” Akú ni gbogbo wọn ń jẹ́ lọ́jà àti lójú pópó.

Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti padà wálé. Thomas Babington Macaulay, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay tó sì fẹ́ ọmọ Crowther, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù 1859. Fourah Bay náà ni àlùfáà James Johnson, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí “Johnson mímọ́”, ti kẹ́kọ̀ọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ dákẹ́ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1859, kó tó tún jí. Ní 1876 ni Yunifásítì Durham gbà á mọ́ra tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi lè gba oyè. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá fẹ́ oyè yunifásítì láìkúrò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Fourah Bay ló ń lọ.

Ohun kan kù tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò. Kì í ṣe gbogbo Akú ló gba ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ti jẹ́ mùsùlùmí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọn kò sì fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Ní àdúgbò Fourah Bay yẹn kan náà, àti ní Fula Town, ni wọ́n tẹ̀dó sí, tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí wọn. Àwọn ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ jù lọ lónìí: bí ẹ bá gbọ́ “Oku” ní Freetown, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n sábà ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ti di Krio, àwọn tó padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta di ẹni tí wọ́n ń pè ní Sàró, àwọn wọ̀nyí sì di ìkíni yẹn mú.

Nítorí náà, arábìnrin wa, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ orúkọ náà, ẹ kọ ọ́ ní “Akú”, re-mí, kí ẹ fi àmì sórí ú nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí o tó ń pè é ní òkú, ẹ ní kó kí yín ní òwúrọ̀ ná, kó wá gbọ́ ohun tó máa jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.